Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé bàbá àti màmá tó ti fẹ̀yìn tì lè rìnrìn àjò afẹ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá?

Wọ́n lè ṣe é dáadáa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fídíò tọkọtaya òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì gun òkè ilẹ̀ Faransé, òkè ń bẹ nílé o.

1. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èbúté Mẹ́ta l'Ékòó, kẹ́ ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Ládèérin, l'Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ náà ti ń ná ọ̀nà yìí láti 2021.

2. Orí òkè Olúmọ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Abẹ́ ẹ̀ làwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ẹ wo ihò ara àpáta tí wọ́n ti ń lọ ohun ọbẹ̀ nígbà ogun; ọwọ́ ti dán an. Àtẹ̀gùn wà, ẹ̀rọ agbéniròkè náà wà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó gbéra. Orúnkún kì í ṣe nǹkan eré.

3. Ẹ fẹ́ ra àdìrẹ? Ọjà Ìtòkú ni kẹ́ ẹ lọ.

4. Ẹ má kúrò láìjẹ láfún.

Bí òbí yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn lónìí.