Ìyá Ọba Ni, Kì í Ṣe Òrìṣà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ibùsùn.

Mo lọ kí ìyàwó kékeré kan kú ewu ọmọ ní Ẹ́sítéètì Jakande, ní Ìlasàn. Ọmọ Yorùbá ni ìyàwó yìí, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹdó ni ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ ti wá láti Bìní láti bá wọn wẹ ọmọ, ó sì gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́: orí obìnrin kan tí a fi idẹ rọ, tí ìlẹ̀kẹ̀ bo ọrùn rẹ̀ títí dé àgbọ̀n, tí fìlà orí rẹ̀ sì ga ṣóńṣó, tí ó tẹ̀ síwájú bí àgógó odídẹ. Aládùúgbò kan wọlé, ó rí i, ó ní ère òrìṣà ni, kò sì yẹ kí irú rẹ̀ wà níwájú ọmọ tuntun. Ìyàwó kò jiyàn. Ó fi ògbólógbòó ìró wé e, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Ìyá ọkọ rí i pé ẹ̀bùn òun kò sí níbi tí òun gbé e kà mọ́. Kò béèrè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo bi í léèrè nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀fọ́. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni obìnrin tí ẹ gbé wá fún ìyàwó yín?"

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ìyá ni," ó dáhùn. "Ìyá Ọba ni. Idia ni orúkọ rẹ̀."

Ìyá Ọba Esigie ni Idia í ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1504 ni Esigie gorí ìtẹ́ Bìní, ṣùgbọ́n ìtẹ́ náà kò tù ú lára. Arhuaran, ọmọ bàbá rẹ̀, tí ó wà ní Udo, bá a du oyè, ogun sì dé. Lẹ́yìn náà ni àwọn Ìgalà tún gbógun wá láti Idah. Nínú wàhálà méjèèjì, ìyá kò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Títí di òní ni àwọn Ẹdó ń ròyìn ìmọ̀ràn rẹ̀, oògùn rẹ̀, àti bí ó ṣe kó ọmọ ogun jọ fún ọmọ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí ìtàn wọn, a kì í jẹ́ kí ìyá wà láàyè lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti jọba. Esigie kọ̀. Ó dá oyè Iyoba sílẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀, ó sì kọ́ ààfin fún un ní Uselu. Wọ́n ní láti ìgbà náà, ìyá àti ọmọ kò gbọdọ̀ fojú kan ara wọn mọ́. Ìránṣẹ́ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ẹ rò ó wò: ìyá gba ọmọ rẹ̀ là, kò sì tún rí i mọ́. Èmi kò mọ̀ bóyá mo lè fara dà á.

N kò ní purọ́ fún yín. Láyé àtijọ́, ojúbọ tí a ti ń rántí àwọn ọba àti àwọn ìyá ọba tí wọ́n ti wàjà ni a máa ń gbé irú orí idẹ bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n sì ń bọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn tí ó gbé ayé rí ni wọ́n ń rántí. Èyí tí ìyàwó wa gbà kò tilẹ̀ dé ojúbọ kankan rí. Àwọn asude òde òní ni wọ́n rọ ọ́ fún títà.

Àdúgbò àwọn asude wọ̀nyí ni Igun, ní ìlú Bìní, níbi tí bàbá ti ń kọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ ní iṣẹ́ náà láti ìran dé ìran. Wọn a kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí, wọn a fi ìda bò ó, wọn a sì ya ojú, imú àti ìlẹ̀kẹ̀ sára ìda náà. Wọn a tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọn a gbé e síná. Ìda a yọ́ jáde, àyè rẹ̀ a sì ṣófo. Ibẹ̀ ni wọn yóò da idẹ gbígbóná sí. Bí ó bá tutù, wọn a fọ́ amọ̀ náà dànù. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè lo ìda kan. Kò sí orí méjì tí ó rí bákan náà gẹ́lẹ́. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé láti ilẹ̀ Jámánì ni púpọ̀ nínú idẹ àtijọ́ wọ̀nyí ti wá. Àwọn Pọtogí ni wọ́n ń kó o wá bí ẹ̀gbà ọwọ́, tí wọ́n fi ń ṣòwò.

Wọ́n gbẹ́ ojú Idia sára eyín erin pẹ̀lú, èyí tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 24. Ní òkè orí rẹ̀, wọ́n to orí àwọn Pọtogí onírùngbọ̀n pọ̀ mọ́ ẹja àrọ̀, tí ó lè gbé inú omi, tí ó sì lè gbé orí ilẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, iná jó ààfin, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ọnà lọ, wọ́n sì mú Ọba Ovonramwen lọ sí ìgbèkùn ní Calabar, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1914. Inú yàrá ibùsùn Ọba ni wọ́n ti kó àwọn ojú eyín erin náà. Ọ̀kan wà ní London, òmíràn wà ní New York. Nígbà tí a fẹ́ ṣe àjọ̀dún Festac ní Èkó ní ọdún 1977, ojú Idia ni a fi ṣe àmì rẹ̀. A bẹ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé London kí wọ́n yá wa ní tiwa, wọn kò yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére Ẹdó ni wọ́n gbẹ́ òmíràn fún wa.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àlejò ni èyí fún àwa ará Èkó. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé èdè Ẹdó, tí ó túmọ̀ sí ibùdó ogun, ni a ti mú orúkọ Èkó, ìdílé Ọba Èkó sì ti ọ̀dọ̀ Aṣípa wá, ẹni tí Ọba Bìní fi jẹ olórí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Jakande, ọjà iṣẹ́ ọnà kò jìnnà sí yín. Ẹ ó bá Idia níbẹ̀, ní igi àti ní idẹ. Bí ọlọ́jà bá ní ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì ná an ní iye ohun tuntun. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín lókè òkun, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ti ojúlówó, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń padà. Ilẹ̀ Jámánì dá díẹ̀ padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilẹ̀ Netherlands dá 119 padà, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkan, ní Èkó níbí, ni a sì ti gbà wọ́n. Ẹ lè kó àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi.

Mo sọ gbogbo èyí fún ìyàwó wa nígbà tí ìyá ọkọ ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Kò fọhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìró náà jáde, ó tú u, ó sì gbé Idia sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Nígbà tí màmá gbé ọmọ wọlé, ó dúró. Ó na ọmọ sí ìyá rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò ní iwájú orí idẹ náà, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyàwó mi. Ẹ wá jókòó, kí n sọ ti Uselu fún yín."