Bọ́tìnì Tí Wọn Kì Í Tẹ̀: Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Gba Ìka Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀bẹ Ẹ̀rọ

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Régbérégbé kan á fẹ́ ìwé ètò Ojúde Ọba, òmíràn á fẹ́ kálẹ́ńdà, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí kan á tún gbé iṣẹ́ ìwé ìsìnkú wá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ gbà á kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo iṣẹ́ yìí ló máa kọjá lábẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgébébà kí oníbàárà tó gbé e lọ. Ọ̀bẹ náà máa ń gé ọgọ́rọ̀ọ̀rún bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó bá lè gé òkìtì bébà báyẹn, ìka èèyàn kò lè dá a dúró.

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yìí kò sì lè ṣe kí ó má ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀bẹ. Ọwọ́ ló fi ń ti bébà wọlé, ọwọ́ ló fi ń tò ó kó dọ́gba, ọwọ́ náà ló fi ń yí i padà láti gé ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn látàárọ̀ dalẹ́, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, tí ọ̀gá ń pariwo, tí oníbàárà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ ibi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ wà kí ọ̀bẹ tó sọ̀kalẹ̀?

Nígbà tí ọwọ́ ṣì ń fa ọ̀bẹ

Láyé àtijọ́, ìbéèrè yẹn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìgébébà àtijọ́ ní irin gígùn kan tí òṣìṣẹ́ máa ń fà wálẹ̀ kí ọ̀bẹ tó gé nǹkan. Irin yẹn wúwo, agbára ló sì ń gbà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń fà á. Ọwọ́ tó ń fa irin kò lè sí lábẹ́ ọ̀bẹ lásìkò kan náà. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń dáàbò bo òṣìṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì tó dúró tì í ṣì lè ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ ibẹ̀.

Ìgbà tí mọ́tò oníná dé ni nǹkan yí padà. Ẹ̀rọ ló ń fa ọ̀bẹ báyìí, ìka kan péré ti tó láti tẹ bọ́tìnì. Iṣẹ́ yá, ara sì rọ òṣìṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ kejì kò níṣẹ́ tó ń ṣe mọ́. Ọwọ́ tí kò níṣẹ́ yìí ló ń lọ tún bébà tò lábẹ́ ọ̀bẹ nígbà tí ọwọ́ kìíní ti tẹ bọ́tìnì. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti máa ń wáyé.

Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ níṣẹ́

Ojútùú tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí sí i rọrùn: kí wọ́n dá iṣẹ́ padà fún ọwọ́ kejì. Dípò bọ́tìnì kan, wọ́n fi méjì síwájú ẹ̀rọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀bẹ kò ní sọ̀kalẹ̀ àfi bí ọwọ́ méjèèjì bá wà lórí bọ́tìnì wọn. Yorùbá ní ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ òsì, òsì ní í wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ yìí, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣọ́ òsì, òsì ló sì ń ṣọ́ ọ̀tún.

Ìlànà àgbáyé kan wà tó dá lé irú súwíṣì ọlọ́wọ́ méjì yìí, ISO 13851 ni wọ́n ń pè é. Lára ohun tó là sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ewu rẹ̀ pọ̀ ni pé ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ dé orí bọ́tìnì láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan síra wọn. Bí ọ̀kan bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ kò ní dáhùn. Bí òṣìṣẹ́ bá gbé ọwọ́ kan kúrò nígbà tí ọ̀bẹ ń bọ̀ nílẹ̀, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dúró. Kí ẹ̀rọ tó tún gé ẹ̀ẹ̀kejì, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò, kó tó tún dá wọn padà.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí

Bọ́tìnì tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún iṣẹ́ yìí jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀. Ó ní sípíríǹgì nínú, ó sì ń fẹ́ agbára díẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní mọ nǹkan kan lára. Àmọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́, ní ọdún dé ọdún, ọrùn ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ìka rẹ̀ sì lè máa kú tipiri. Ìrora yìí wà lára ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ wá ọgbọ́n tí yóò fi yẹra fún títẹ bọ́tìnì.

Èyí ló bí bọ́tìnì onímọ̀lẹ̀, èyí tí wọn kì í tẹ̀ rárá. Ó ní apá kékeré méjì tó dojú kọ ara wọn, àlàfo tí ìka lè wọ̀ sì wà láàárín wọn. Iná kékeré kan wà nínú apá kìíní tó ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared sí apá kejì. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí ni rímóòtù fi ń ránṣẹ́ sí tẹlifíṣàn. Ojú lásán kò rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjú rímóòtù sí kámẹ́rà fóònù, tó sì tẹ̀ ẹ́, lè rí iná náà tó ń ṣẹ́jú lójú ọ̀pọ̀ fóònù.

Sẹ́ńsọ̀ wà nínú apá kejì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo ìmọ́lẹ̀ náà. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ki ìka bọ àlàfo yẹn, ìka dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Sẹ́ńsọ̀ mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti gé, ó sì ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ pé ọwọ́ ti dé. Òṣìṣẹ́ kò lo agbára kankan. Kò sí sípíríǹgì tó lè kú, kò sì sí ohun tí eruku bébà àti gọ́ọ̀mù lè há mọ́lẹ̀. Ìbòrí tún máa ń wà lórí rẹ̀ kí ìgbúnwọ́, orúnkún tàbí apá aṣọ má baà ṣèèṣì wọ inú àlàfo náà.

Bí ẹnì kan bá ki páálí bọ̀ ọ́ ńkọ́?

Ìbéèrè tí ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n máa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyí. Bó bá jẹ́ pé ohun tó dí ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ń wò, ṣé páálí kékeré kò lè ṣe iṣẹ́ ìka ni? Kó ki páálí bọ bọ́tìnì òsì, kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ òsì máa tún bébà tò.

Bọ́tìnì nìkan kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka àti páálí. Àpótí ìdarí tí wọ́n so bọ́tìnì méjèèjì mọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Nítorí pé àpótí yìí máa ń retí kí ọwọ́ méjèèjì kúrò lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì tí páálí dí kò ní padà sí ipò rẹ̀, ẹ̀rọ á sì dúró síbẹ̀. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ bí ìdọ̀tí bá bo ojú sẹ́ńsọ̀ tàbí bí iná inú rẹ̀ bá jó: ẹ̀rọ á rò pé ọwọ́ wà níbẹ̀ láìkúrò, kò sì ní gé nǹkan. Ẹ̀rọ tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lè bí ọ̀gá nínú, àmọ́ ìkọ̀ yẹn gan-an ni ààbò.

Ìdí nìyí tí kò fi bọ́gbọ́n mu kí ẹnì kan lọ ra bọ́tìnì onímọ̀lẹ̀ méjì lọ́jà, kó ní kí oníná ìtòsí so wọ́n mọ́ rílè lásán. Láìsí àpótí ìdarí tó ń ka àsìkò, tó sì ń retí kí ọwọ́ kúrò, páálí kékeré ti tó láti tan ẹ̀rọ náà jẹ.

Ibi tí wọ́n gbé bọ́tìnì sí ṣe pàtàkì

Bí bọ́tìnì méjèèjì bá súnmọ́ra jù, ọwọ́ kan lè fi àtàǹpàkò àti ìka kékeré dé méjèèjì. Nítorí náà, ìlànà náà fẹ́ kí àlàfo àárín wọn tó mìlímítà 260 ó kéré tán. Bí kò bá sí ìbòrí tí kò ní jẹ́ kí èèyàn fi ìgbúnwọ́ ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kejì, àlàfo náà gbọ́dọ̀ tó 550.

Bọ́tìnì kò sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọ̀bẹ jù. Ọwọ́ èèyàn yára. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé ọwọ́ lè rin mítà 1.6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ẹ̀rọ kan máa ń lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó dúró pátápátá lẹ́yìn tí ọwọ́ kúrò. Láàárín àsìkò yẹn, ọwọ́ á ti rin sẹ̀ǹtímítà 48. Wọ́n á tún fi 25 kún un nítorí ìka tó lè ti nà síwájú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 73 láti bọ́tìnì dé ibi ewu. Bí bíréèkì ẹ̀rọ bá ti gbó, tí kì í tètè dúró mọ́, àlàfo tó tó lánàá lè má tó mọ́ lónìí.

Ohun tí kò lè ṣe

Súwíṣì ọlọ́wọ́ méjì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì nìkan ló ń dáàbò bò. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ba ọ̀gá rẹ̀ tún bébà tò, bọ́tìnì kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgébébà tuntun fi ní ògiri ìmọ́lẹ̀ níwájú ọ̀bẹ pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ìlà ìmọ́lẹ̀ tó tò léra, tí ọ̀bẹ máa dúró bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá kọjá láàárín wọn.

Gbogbo ẹ̀rọ kọ́ ló sì bá a mu. Àwọn ìyá tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí Ìjẹ̀bú kò lè fi ọwọ́ méjèèjì sórí bọ́tìnì, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ti ẹ̀gẹ́ wọ ẹnu ẹ̀rọ láìdáwọ́dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ohun tó bá irú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn mu ni ẹnu ẹ̀rọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi ní dé ibi eyín, igi tí wọ́n ń fi ti nǹkan wọlé, irin tó bo ayùn àti bẹ́líìtì, àti súwíṣì pípa ẹ̀rọ tó wà nítòsí.

Tòkunbọ̀ àti báípáàsì

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lọ́dọ̀ wa jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹ̀rọ lè dé pẹ̀lú bọ́tìnì tó ti bàjẹ́, tàbí kí bọ́tìnì náà kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ báípáàsì nídìí mítà iná. Ó wà nídìí ẹ̀rọ náà: wáyà kan péré ni wọ́n á fi so ojú bọ́tìnì tó kú pọ̀, ẹ̀rọ á máa rò pé ọwọ́ òsì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Iṣẹ́ á tẹ̀síwájú lọ́jọ́ náà. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ méjì ti di ọlọ́wọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ iṣẹ́ tuntun tó bá bọ́ sídìí rẹ̀ lọ́la lè má mọ̀.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná tún wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ọ̀bẹ wà lókè, tó sì dé lójijì, ẹ̀rọ tó dáa kò gbọ́dọ̀ ta jí fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró títí ẹni tó ń lò ó yóò fi tún un tàn.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Iléeṣẹ́ Ẹ̀rọ ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1987, sọ pé kí ibi tó léwu lára ẹ̀rọ ní ìdáàbòbò. Ọ̀pọ̀ rò pé ilé iṣẹ́ ńláńlá bíi ti Àgbárá àti Ọ̀tà nìkan lòfin yìí ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ lè jẹ́ iléeṣẹ́ ẹ̀rọ lójú òfin yìí, ilé ìtẹ̀wé sì wà lára wọn. Òfin náà tún sọ pé ọ̀dọ́ kò gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ eléwu láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún un, tí wọ́n sì ti kọ́ ọ dáadáa tàbí kí ẹni tó mọṣẹ́ máa bójú tó o. Òṣìṣẹ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun ààbò jẹ́.

Bí ìjàǹbá bá ti wáyé, Òfin Owó Ìtánràn Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ló kàn. Àjọ NSITF ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó sí i, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn. Òṣìṣẹ́ tó fara pa gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ gbọ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ létí láàárín ọjọ́ 7. Owó yìí lè ran ẹni tó pàdánù ìka lọ́wọ́. Kò lè dá ìka náà padà.

Àyẹ̀wò àárọ̀

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì sí bébà lábẹ́ ọ̀bẹ, àyẹ̀wò mẹ́rin ti tó. Kí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ fọwọ́ kan bọ́tìnì ọ̀tún nìkan: ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ mira. Kó fọwọ́ kan ti òsì nìkan: kò gbọ́dọ̀ mira. Kó fi ọ̀kan ṣáájú, kó dúró díẹ̀ kó tó fi èkejì tẹ̀lé e: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Kó fi méjèèjì pọ̀, kó sì gbé ọ̀kan kúrò nígbà tí ọ̀bẹ ń bọ̀: ó gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá kùnà ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Oníbàárà lè bínú pé ìwé ètò òun kò jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Ìbínú yẹn á rọlẹ̀ bó bá di ọjọ́ Ajé.