Igbó Jámánì àti Igi Èmi Agbamu

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó lè dá igbó sí, àti pé ẹni tí ebi ń pa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n sì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó lọ́rọ̀ jù lọ ní Yúróòpù, síbẹ̀ igbó bo bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ rẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tí ó pé. Ó yẹ kí àgbẹ̀ Agbamu, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, mọ èyí tí ó kù níbẹ̀, nítorí pé irú igi tí ó wà ní oko rẹ̀ ni a ń sun di èédú ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tí apá kan èédú náà sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun, tí àwọn ará Jámánì fi ń sun ẹran jẹ ní ìgbà ooru wọn.

Àìní ni ó kọ́ wọn

Kì í ṣe ọrọ̀ ni ó kọ́ àwọn ará Jámánì ní ìtọ́jú igbó, àìní ni. Ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, a ń wa fàdákà nínú ilẹ̀ ní agbègbè Saxony. Iná igi ni a fi ń yọ́ fàdákà náà, igi ni a sì fi ń gbé òrùlé ihò tí àwọn awakùsà ń wọ̀ ró. A gé igi títí igbó fi jìnnà sí ìlú, tí owó igi sì lọ sókè. Hans Carl von Carlowitz, ẹni tí ń ṣe àbójútó iṣẹ́ ìwakùsà ní ìlú Freiberg, rí i pé bí igi bá tán, iṣẹ́ fàdákà pẹ̀lú tán. Ní 1713 ó tẹ ìwé kan jáde, ó sì kọ́ni nínú rẹ̀ pé kí a má ṣe gé ju iye tí igbó lè hù padà lọ, àti pé kí ẹni tí ó bá gé tún gbìn. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣòro fún àgbẹ̀ láti lóye. Ẹni tí ó bá jẹ iṣu tí ó yẹ kí ó fi ṣe èbù kò ní rí ohun tí yóò gbìn ní ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ náà di ìṣe, lẹ́yìn náà ó di òfin. Òfin igbó tí a ṣe ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì ní 1975 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ igbó di oko tàbí ilé láìgba àṣẹ, bí igbó náà tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ibi tí a bá sì gé igi rẹ̀ tán, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé igi tún hù níbẹ̀. Ṣáájú èyí, ní 1970, a ti ya igbó ńlá kan sọ́tọ̀ ní Bavaria, níbi tí a fi àwọn igi àti ẹranko sílẹ̀ fún ara wọn.

Odò Rhine pẹ̀lú rí ìtọ́jú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, ilé kan tí a kó oògùn kòkòrò sí jóná ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland. Omi tí a fi pa iná náà gbé oògùn wọ odò, ẹja sì kú lọ bẹẹrẹ títí dé apá Jámánì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ilẹ̀ tí odò náà là kọjá pinnu láti tún un ṣe. Ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ dínkù, àwọn ẹja tí ó ti parẹ́ nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe dé Nàìjíríà

Ẹ̀kọ́ Carlowitz kò dúró sí Jámánì. Dietrich Brandis, ọmọ ìlú Bonn, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olùtọ́jú igbó igi tíìkì ní ilẹ̀ Burma ní 1856, tí wọ́n sì fi ṣe olórí iṣẹ́ igbó ní Íńdíà ní 1864. Láti inú iṣẹ́ igbó Burma ni H. N. Thompson ti wá sí Gúúsù Nàìjíríà ní 1903 láti di olórí iṣẹ́ igbó níbẹ̀. Báyìí ni a ṣe mú ọgbọ́n ilẹ̀ Jámánì wá fi pa ààlà sí igbó ilẹ̀ Yorùbá, tí a sì sọ wọ́n di igbó ìjọba.

Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù lójú ọ̀nà. Ní Jámánì, bí ìdajì igbó ni ó jẹ́ ti àwọn ènìyàn fúnra wọn, onígbó sì ni òfin ń bá sọ̀rọ̀. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ará ìlú rí òfin náà gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ tí ó gba igbó lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ènìyàn bá sì kà sí ti ìjọba, kì í ṣọ́ ọ bí ohun ìní rẹ̀.

Àbùkù tí ó wà níbẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun gbogbo dára ní ilẹ̀ Jámánì. Láti 1989 títí di 2016, àwọn onímọ̀ kòkòrò ti ìlú Krefeld ń dẹ pàkúté fún kòkòrò tí ń fò ní àwọn ibi tí òfin dáàbò bò. Nígbà tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, ó hàn pé ìwọ̀n kòkòrò náà ti fi ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dínkù láàárín ọdún 27. Láti 2018 dé 2020, ọ̀dá mú ilẹ̀ náà, kòkòrò ajẹgi sì pa igi spruce lọ rẹpẹtẹ, pàápàá níbi tí a ti gbin irú igi kan ṣoṣo láìpa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Èédú inú ilẹ̀ pẹ̀lú ni wọ́n ṣì ń wà láti fi ṣe iná mànàmáná. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2020 fún wọn di 2038 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró.

Síbẹ̀ àbùkù tí ó kan Ìgbómìnà jù lọ kò sí nínú igbó Jámánì. Ibi tí wọ́n ti ń dáná ni ó wà. Àwọn àgbà a máa wí pé, bí a bá gbálẹ̀ gbá ọ̀nà, ààtàn ni a ń kó o lọ. Ilẹ̀ tí kì í jẹ́ kí a gé igbó tirẹ̀ bí ó ti wù ni, tí ó sì ń jo èédú púpọ̀, níbo ni igi rẹ̀ ti ń wá? Ní nǹkan bí 2017, èédú igi tí Jámánì ń kó wọlé lọ́dún ju 200,000 tọ́ọ̀nù lọ, Nàìjíríà sì wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó ń tà á fún un. Ní 2018, ẹgbẹ́ WWF ra àpò èédú ní ọjà Jámánì, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Èédú kì í fi irú igi rẹ̀ pamọ́: bí a bá ṣẹ́ ẹ, tí a fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, àwọn ihò tí omi igi ń gbà ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí igi ilẹ̀ olóoru nínú ọ̀pọ̀ àpò náà.

Kò tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru òkè òkun. Ilé ìdáná Ìlọrin, Ìbàdàn àti Èkó pẹ̀lú ń jo èédú ọ̀dàn Kwara àti Ọ̀yọ́, nítorí pé owó gáàsì àti kẹrosíìnì ga. Nínú òkìtì igi tí a fi koríko àti erùpẹ̀ bò, igi kílò 5 sí 10 ni ó ń lọ sí i kí èédú kílò 1 tó jáde. Ẹni tí ó bá gbé àpò kan sórí, bí igi tí ó tó àpò márùn-ún tàbí mẹ́wàá ni ó ti jóná sí i.

Ohun tí òfin òkè òkun kò lè ṣọ́

Ní 2023, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Jámánì wà nínú rẹ̀, ṣe òfin pé kí a má ṣe kó igi, èédú, kòkó, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà tàbí ẹran màlúù wọ ilẹ̀ wọn, bí a bá pa igbó run nítorí rẹ̀ lẹ́yìn ìparí ọdún 2020. Oníṣòwò gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ tí ọjà náà ti jáde hàn. Òfin rere ni, bí a tilẹ̀ ti sún ọjọ́ ìlò rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n igbó ni òfin náà ń ṣọ́. Kò ka ilẹ̀ oko sí igbó, bí igi tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Igi èmi àti igi igbá kì í sì í ṣe igi inú igbó kìjikìji. Inú oko àti inú ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi ni wọ́n ń dúró sí. Nítorí náà, bí òfin Yúróòpù bá tilẹ̀ múlẹ̀ dáradára, kò lè ṣọ́ igi èmi oko Agbamu.

Ọ̀ràn náà kò sì rọrùn. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí iṣu rẹ̀ kò ta dáradára, tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ sì ti dé. Igi èmi wà níwájú rẹ̀, ẹni tí ń ra èédú sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Igi náà le, èédú rẹ̀ sì dára. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ṣe ìṣirò náà dé òpin. Igi èmi a máa tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so, ó sì lè lò ju 100 ọdún lọ láyé. Ẹnìkan ni ó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ń ṣán oko, ó sì lè jẹ́ baba baba rẹ̀. Àwọn obìnrin ni ó ń ṣa èso rẹ̀, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń po ó di òrí. Owó èédú ń wọ ọwọ́ ẹni tí ó gé igi. Owó òrí ń wọ ọwọ́ ìyá àti ìyàwó rẹ̀, lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá gé igi èmi, owó wọn ni ó ná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de kíkó èso èmi tí a kò tíì ṣe di òrí lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa ṣe é ní ilé. Òfin bẹ́ẹ̀ kò ní èrè fún ìlú tí ó ti sun igi èmi rẹ̀ tán.

Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe

Èkíní, kí a tó ṣán ilẹ̀, kí a lọ káàkiri rẹ̀, kí a fi àmì sí gbogbo ọmọ igi èmi àti igbá, kí àdá má baà kàn wọ́n.

Èkejì, kí ọyẹ́ tó gbẹ koríko tán, kí a ro ìdí àwọn igi náà yíká, kí iná ọ̀dàn má baà rí ohun jẹ dé ara wọn. Iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀, kì í ṣe ibi tó iná tí ó bá jó ní ìparí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí yóò bá sun èédú, kí ó gbin igi tí ó ń tètè dàgbà, bíi kasíà àti gmẹlínà, sí ilẹ̀ tí iṣu kò ṣe dáradára mọ́. Bí a bá gé wọn nísàlẹ̀, wọ́n a tún yọ. Kí a fi ọ̀mùnú méjì tàbí mẹ́ta tí ó dára jù sílẹ̀, kí a gé ìyókù. Kí a gbin ju irú kan lọ, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí igi spruce ní Jámánì.

Ẹ̀kẹrin, kí igi gbẹ dáradára kí a tó kó o jọ, nítorí igi tútù a máa jẹ iná púpọ̀, èédú rẹ̀ a sì kéré.

Nípa ti ìlera, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìkòkò èédú tí ń jó wọ yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ nítorí òtútù ọyẹ́. Èédú a máa mú afẹ́fẹ́ olóró jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ẹni tí ó bá sùn nínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Kí a tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹni tí ń sun èédú máa dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí èéfín má baà ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Kí ìjọba tó kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí Èsìẹ́ ní 1945, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn ará Èsìẹ́ ti ń ṣọ́ àwọn ère òkúta wọn, tí ó ju 800 lọ, láàárín igi, láìsí òfin òkè òkun kankan. Wọ́n kà wọ́n sí tiwọn. Bí àwọn ọba, àwọn ọdẹ, àwọn ọlọ́jà àti àwọn obìnrin tí ń ṣe òrí bá jókòó pọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní gé igi èmi àti igi igbá, òfin bẹ́ẹ̀ yóò dé ibi tí òfin Yúróòpù kò lè dé. Àwọn ará Saxony kò dúró de àlejò kí wọ́n tó ka igi tí ó kù ní igbó wọn. Ọmọ onílẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Àjèjì ni ó ń tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù.