Ẹ̀fọn Ọ̀sán àti Ẹ̀fọn Òru

Ní Ìkìrun, ní Iníṣà àti ní Òkukù, bí ara àgbẹ̀ bá gbóná, agbo ibà ni ará ilé kọ́kọ́ ńgbé ka iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í ṣe irú kan. Èyí tí ńfa ibà lásán a máa jẹni lóru. Èyí tí ńfa ibà pọ́njú a máa jẹni lọ́sàn-án, inú ìkòkò omi àti táyà àlòkù ni ó sì ńyé sí.

Ní 1927, ara ọ̀bọ ni àwọn oníṣègùn ní Yábàá, l'Ékòó, fi dán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ibà pọ́njú wò. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó àrùn náà, ó sì kú lọ́dún náà. Lóde òní, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí ike pẹlẹbẹ kékeré ńfi ibà lásán hàn láàrin ìṣẹ́jú 20, ṣùgbọ́n kò lè rí ibà pọ́njú. Àwọn ìdánwò kékeré mìíràn lè ṣi ibà pọ́njú mú fún dẹ́ńgì, nítorí àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Ilé ìdánwò ńlá ni ó ńparí ọ̀rọ̀. Ní 2018, ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, l'Ẹ́dẹ, rí ibà pọ́njú nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn láti Ìpínlẹ̀ Ẹdó.

Nítorí náà, bí ike bá ní kì í ṣe ibà lásán, tí ara sì ńgbóná síbẹ̀, kí ará ilé má dúró de ìgbà tí ojú yóò pọ́n bí ìyeyè. Kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì jẹ́ kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ni ó ńkìlọ̀ fún gbogbo ìlú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ẹ̀kan sì tó fún ọjọ́ ayé ẹni.