Mo Padà Sídìí Demanufacture: Gìtá, Ìlù àti Etí Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń pa àwọn fáìlì rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi kí n lè ráyè fún dátà iṣẹ́ ìwádìí mi, ni mo bá já lu àwo orin kan tí mo ti gbàgbé pátápátá: Demanufacture, ti ẹgbẹ́ Fear Factory. Mo ní kí n gbọ́ ẹyọ kan péré. Mi ò dìde títí gbogbo ẹ̀ fi parí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ wọ́n, Los Angeles ni wọ́n ti wá, ọdún 1995 ni àwo náà sì jáde. Orin metal ni, tí wọ́n fi ìró kọ̀ǹpútà àti ti ẹ̀rọ là. Fíìmù The Terminator ti ọdún 1984 wà lára ohun tó fún wọn ní ìmísí. Kódà, orúkọ àwọn ẹ̀rọ apànìyàn inú fíìmù yẹn ni orin kan níbẹ̀ ń jẹ́: H-K (Hunter-Killer).

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ariwo lásán ni mo pè é. Àṣé ètò wà nínú ariwo ọ̀hún.

Ẹ wo gìtá. Ká ní okùn kan ń gbọ̀n nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí iná tó ń gbé ìró yẹn bá ti pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ agbóhùnga lè gbà lọ, ẹ̀rọ á gé orí ìgbì náà pẹrẹsẹ. Ibi tó ti gé e ni ìró tuntun ti ń yọ: 200, 300, 400, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí okùn kan ṣoṣo fi ń dún bíi pé ilé iṣẹ́ irin ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá wo ìlù. Raymond Herrera ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù ńlá, Dino Cazares sì ń ta gìtá mọ́ ọn lẹ́sẹẹsẹ, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa okùn lẹ́nu. Ọpọlọ wa ní àṣà kan: ìró tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun kan ṣoṣo ló máa ń kà wọ́n sí. Torí náà, ẹ ò ní gbọ́ gìtá àti ìlù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ kan lẹ máa gbọ́. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló sì ń ṣe é o!

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kì í jẹ́ ká sinmi. Mo máa ń ki íápíìsì bọ etí, màá yí ohùn sókè kó lè borí ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo yọ ọ́, etí mi ń dún "yììì" títí ilẹ̀ fi mọ́. Títí dòní, tí yàrá bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Kí ló fà á? Nínú etí kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun wà tó ń sọ ìró di iṣẹ́ tí ọpọlọ lè gbọ́. Ariwo ńlá máa ń pa wọ́n. Ti adìẹ máa ń hù padà, tiwa kì í hù. NIOSH ti Amẹ́ríkà ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe kọjá wákàtí 8 lójúmọ́ nínú ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85. Tí ó bá fi 3 lé, àkókò náà á dín sí ìdajì. Ẹ ṣírò ẹ̀: ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Àwo yìí fi ìlọ́po mẹ́ta jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ariwo bá wà níta, ẹ wá íápíìsì tó ń dí etí dáadáa, ẹ má yí ohùn sókè. Tí etí bá sì ń dún tí kò dákẹ́, ẹ lọ rí dókítà etí. Èmi ò tètè lọ.

Mo tún gbọ́ Demanufacture lánàá, mo dín ohùn kù sí ìdajì. Gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ni mo gbọ́, kò sí èyí tó sọnù.