Ọjọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó: ohun tó kù fún amọ̀nà láti fi hàn

Ọjọ́ Àìkú ló dára jù fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ká Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, èrò ọjà Balógun àti Ìdúmọ̀tà kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé, kò sì sí ààyè láti dúró gbójú sókè wo ilé. Ìdí rèé tí àwọn àlejò, pàápàá àwọn ọmọ Yorùbá tó ti òkè òkun bọ̀, fi ń gba amọ̀nà tiwọn fún ọjọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ibi tó yẹ kí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀ ni Ìga Ìdúngánrán, ààfin Ọba Èkó. Ìtàn sọ pé oko ata Àrómirẹ́ ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ààfin sì ti gba orúkọ. Láyé Ọba Akínṣemóyìn, àwọn Pọtogí tó ń bá Èkó ṣòwò ẹrú lọ́wọ́ sí kíkọ́ rẹ̀. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í fo ọ̀rọ̀ òwò ẹrú yẹn. Kì í sì í fo oṣù Kejìlá, ọdún 1851, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò àgbá lu Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, Dòsùnmú ọmọ Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn wà lórí omi. Ààfin tí wọ́n ṣì ń lò ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti tọrọ àyè ṣáájú.

Mọ́sálásí Shitta-Bey ní òpópónà Martins kò jìnnà síbẹ̀. Oníṣòwò ńlá ni Mohammed Shitta tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1894 tí wọ́n ṣí i, Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣojú Sultan Tọ́kì níbẹ̀, ó sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Kí àlejò wo ara ògiri náà dáadáa: Àgùdà ló kọ́ ọ. Àwọn Àgùdà ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí àwọn tàbí ọmọ wọn padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Nítorí wọn ni Yorùbá ṣe ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà títí dòní. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ mọ́sálásí, wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa.

Ìta Tinúubú ló kàn. Ẹfúnróyè Tinúubú, tí Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Èkó ní 1856, ló ni orúkọ náà. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Ilojo Bar wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà tí ìjọba ti kà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnu lásán ni amọ̀nà fi ń júwe rẹ̀. Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ilé ìdílé ni ọ̀pọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó wọ́n bí ojú, àtúnṣe ilé àtijọ́ sì ń jẹ owó. Ìjọba lè kọ orúkọ ilé sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé kì í dí òrùlé tó ń jò.

Ilé Olómi ṣì wà ní òpópónà Kakawa. Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí wọ́n tà sí Bràsíìlì, ló dá a sílẹ̀ nígbà tó padà dé. Omi tí ìdílé rẹ̀ ń tà fún ará ìlú ló fún ilé lórúkọ. Kí àlejò bèèrè kó tó ya àwòrán irú àwọn ilé wọ̀nyí, ènìyàn ń gbé inú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, Freedom Park ni ọ̀pọ̀ ti ń sinmi. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀; ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbafẹ́. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni pèpéle àwọn olórin wà báyìí, àwọn àlejò á sì jókòó síwájú rẹ̀ jẹun.