Ìránṣẹ́ Tí Ó Dá Ọ̀gá Dúró

Irin inú òkúta ni a fi mọ Òkè Agbájà ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, lẹ́bàá Lọ́kọ́ja. Irin tí ó dípẹtà náà ni ó sọ Máàsì di pupa lójú ọ̀run. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Pathfinder ti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje, ọdún 1997. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń dákú, tí ó ń jí. Ìgbàkúùgbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, ìyókù iṣẹ́ ọjọ́ náà di ọ̀la.

Ọpọlọ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà náà ní, nítorí náà ni a ṣe pín iṣẹ́ rẹ̀ sí fọ́nrán-fọ́nrán. Fọ́nrán a bẹ̀rẹ̀, a tò sórí ìlà, a ṣiṣẹ́ bí ó bá kàn án, a dúró bí ohun tí ó ń fẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí. Bí ọ̀gá bá dé, ìránṣẹ́ a yẹ̀ fún un, bí ó ti yẹ nínú ilé tí ó létò.

Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tí ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ ti mú kọ́kọ́rọ́ tí ọ̀gá ń fẹ́. Kí ó tó dá a padà, fọ́nrán alábọ́ọ́dé kan, tí kò tilẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́, dé, ó sì gba àyè lọ́wọ́ ìránṣẹ́. Ọ̀gá wá ń dúró de ẹni tí a kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí àsìkò kọjá, olùṣọ́ rò pé nǹkan ti bàjẹ́, ó sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní California dán an wò lórí ẹ̀rọ irú rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì rí ìdí rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni pé kí ẹni tí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ tí ọ̀gá ń dúró dè gba ipò ọ̀gá, títí yóò fi dá a padà. Òfin náà ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà láti ilé. A kò tàn án ni.